Ibùdókọ̀ ojú irin tó kù àti èyí tó ti parẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ

Ẹni tó bá ń wá ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́, ilé ló sábà máa ń wá. Tí kò bá ti rí ilé, á ní ó ti parẹ́. Bẹ́ẹ̀, ilé ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Atẹ́gùn á ká páànù, ikán á jẹ igi òrùlé, òjò á wọ ògiri, àwọn tó ń kọ́lé nítòsí á sì kó bíríkì tó bá ṣì dára lọ. Ohun tó máa ń pẹ́ nílẹ̀ ni ilẹ̀ tí wọ́n fẹ̀ kí ọkọ̀ méjì lè yà fún ara wọn, ibi tí wọ́n ti ń fa omi, igi tí wọ́n gbìn, àti orúkọ tó ti lẹ̀ mọ́ àdúgbò. Ẹni tó mọ bí a ti ń wo àwọn nǹkan wọ̀nyí á rí ibùdókọ̀ níbi tí ẹlòmíì ti rí oko ẹ̀gẹ́ lásán.

Ojú irin méjì ló kan àwa Yorùbá ilẹ̀ Benin. Ti àárín ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu ní 1900. Ó gba Pahou, Àládà, Bọhikọn, Ìdáàṣà àti Glazoué, ó sọdá odò Ouémé, ó sì wọ Ṣábẹ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Ṣábẹ ló parí sí fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Àárín àwọn ọdún 1930 ni wọ́n tó nà án dé Parakú, gbogbo rẹ̀ sì wá jẹ́ kìlómítà 438. Iṣẹ́ àfipáṣe ni àwọn baba wa fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí a sọ̀rọ̀ ibùdókọ̀ kan láìrántí ìyẹn. Ti ìlà-oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó dé Sakẹ́tẹ́ ní 1907, ó sì dé Pọ́bẹ̀ ní 1913. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó so ó mọ́ Kútọnu. Nígbà tí wọ́n so ó, láti Kútọnu dé Pọ́bẹ̀ jẹ́ kìlómítà 107. Òmíràn tún yà ní Pahou lọ sí Wídà àti Segboroué, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ tòní.

Kétu kò ní ojú irin rí. Pọ́bẹ̀ ni irin dúró sí, ó sì ku ohun tó lé ní 40 kìlómítà kó tó dé Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu. Tí ẹnikẹ́ni bá fi ilé àtijọ́ kan hàn yín ní Kétu pé ibùdókọ̀ ojú irin ni, ẹ bi í léèrè dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí oníṣòwò tàbí ilé ìjọba ló ń wò.

Ìdí tí ti Ṣábẹ fi pẹ́ láyé ju ti Pọ́bẹ̀ lọ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹrù Niger ló gbé e ró. Láti 1953 ni wọ́n ti ń gbé ẹ̀pà Niger gba ilẹ̀ wa lọ sí òkun, nínú ètò tí wọ́n pè ní Opération Hirondelle. Ní 1959, Dahomey àti Niger jọ dá àjọ OCDN sílẹ̀ láti máa darí ojú irin àti ọkọ̀ ẹrù. Òun ló di OCBN lẹ́yìn tí Dahomey di Benin ní 1975. Ọkọ̀ èrò ṣì ń lọ sí Parakú lẹ́yìn ọdún 2000. Epo pupa àti èkùrọ́ ni ti Pọ́bẹ̀ ń gbé ní tirẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ kò sì jìn. Nígbà tí títì dára, ọkọ̀ akẹ́rù lè gbé èkùrọ́ láti ẹnu ọ̀nà oko tààrà, kò sí ẹni tó tún fẹ́ rù ú lọ sí ibùdókọ̀, kó sọ ọ́ kalẹ̀, kó tún rù ú sínú ọkọ̀. Ìlú sì ń gbòòrò ní apá ibẹ̀, ilẹ̀ wọ́n, ilé sì bo ojú irin mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ti parẹ́ fi pọ̀ ní ìlà-oòrùn, tí àwọn tó kù sì pọ̀ lójú ọ̀nà Ṣábẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ojú irin kan ṣoṣo ni tiwa. Ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ kò lè pàdé àfi níbi tí irin ti pín sí méjì. Ọ̀gá ibùdókọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ṣẹ́ẹ̀fù, á fi tẹlifóònù bá ẹnìkejì rẹ̀ ní iwájú sọ̀rọ̀ kó tó jẹ́ kí ọkọ̀ lọ. Ní ayé ọkọ̀ oníná, tí èéfín ń rú lórí rẹ̀, omi tún jẹ́ dandan. Orí ọkọ̀ tí omi bá tán nínú ìkòkò rẹ̀ lè bú. Nítorí náà, ibi tí omi wà àti ibi tí ọkọ̀ ti lè yà ló ń pinnu ibi tí ibùdókọ̀ máa wà. Abúlé lè wà lókèèrè. Ṣẹ́ẹ̀fù á ṣì dúró síbi omi, èrò á sì wá bá a. Ní agbègbè Ṣábẹ, Ouoghi-Centre wà lọ́tọ̀, Ouoghi-Gare wà lọ́tọ̀. Kilibo-Gare náà wà ní ìhà àríwá. Ní Àjàṣẹ́, Oganla-Gare ṣì jẹ́ orúkọ àdúgbò. Orúkọ báyìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lórí àwòrán ilẹ̀, nítorí ó máa ń pẹ́ ju ògiri lọ.

Tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ mú tépù mítà 30 dání. Ẹ tọ ojú irin àtijọ́, tàbí òkìtì ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ bí irin kò bá sí mọ́, kí ẹ máa wọn ìbú rẹ̀ ní gbogbo mítà 20. Níbi tí irin jẹ́ ẹyọ kan, òkìtì náà kì í fẹ̀ ju mítà mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Tó bá ṣàdédé di mítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ fún ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan kó tó tún kéré, ibi tí ọkọ̀ ti ń yà nìyẹn. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀ àti ibi tó ti kéré padà ni irin ti pín. Ilé ṣẹ́ẹ̀fù sábà máa ń wà láàárín méjèèjì, ní ẹ̀gbẹ́ tí abúlé wà. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ máa gún ilẹ̀ wá òkúta tàbí kọnkéré pèpéle tí èrò ń dúró sí. Tí pèpéle kan bá ga tó nǹkan bí mítà kan, ti ẹrù ni, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ inú ọkọ̀ ẹrù máa ń bá dọ́gba. Ní apá Sakẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀, níbi tí ọ̀pẹ ti jẹ́ ọba (ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pọ́bẹ̀ láti 1922), pèpéle ẹrù ló yẹ kí ẹ máa retí ju ti èrò lọ.

Ṣábẹ àti Pọ́bẹ̀ tún yàtọ̀, nítorí ibi tí ojú irin parí sí ni wọ́n jẹ́ (ti Ṣábẹ, kí wọ́n tó nà án dé Parakú). Níbi báyìí, wọ́n sábà máa ń yí orí ọkọ̀ padà kó lè kọjú sí ibi tó ti wá. Ọ̀nà méjì tó wọ́pọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n lè fi àwo irin ńlá tó ń yí nínú kòtò róbótó ṣe é, tàbí kí wọ́n tẹ́ ojú irin onígun mẹ́ta. Kòtò róbótó tí ògiri òkúta yí ká, tí pàǹtírí sì ti kún, máa ń jọ kànǹga tó fẹ̀ jù lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dí i pa kí ẹ tó ya àwòrán rẹ̀.

Irin náà lẹ́nu. Ní ẹ̀gbẹ́ irin kọ̀ọ̀kan, láàárín orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ àti ọdún tó rọ ọ́ sí i, nígbà míì pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò fún mítà kan. Ìpẹtà á ti bò ó. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ó díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun pa á lórí, kí ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́tà tó yọ díẹ̀ á jáde kedere. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn wà nísàlẹ̀, ló dára jù, nítorí oòrùn ọ̀sán gangan kì í jẹ́ kí òjìji wà. Ẹ má ṣe fi òòlù kàn án, ẹ má sì da ásíìdì sí i. Ọdún tó wà lára irin kì í ṣe ọdún tí wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ o, nítorí wọ́n máa ń gbé irin àtijọ́ láti ojú ọ̀nà ńlá wá tẹ́ sí ibi tí ọkọ̀ ti ń yà.

Ẹ wọn àlàfo irin méjèèjì pẹ̀lú, láti inú sí inú. Mítà kan ni ti ojú irin ìjọba. Tó bá jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, irú ojú irin Decauville tí wọ́n ń fi ọwọ́ tì lóko tàbí níbi iṣẹ́ lẹ rí, kò sì tọ́ kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ibùdókọ̀.

Ní ti ilé tó ṣì dúró, sìmẹ́ńtì ń pa wọ́n ju òjò lọ, èyí sì ń dùn mí gan-an, nítorí àwọn tó fẹ́ ran ilé náà lọ́wọ́ ló ń ṣe é. Ògiri àtijọ́ tí wọ́n fi ẹfun jíjó (chaux) tàbí amọ̀ mọ máa ń mu omi láti inú ilẹ̀, ó sì máa ń tú u sílẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Tí wọ́n bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, omi kò ríbi gbà jáde mọ́. Á gòkè nínú ògiri, bíríkì á rọ̀, sìmẹ́ńtì á wú, nígbà tó bá sì já, á já pẹ̀lú ojú bíríkì. Wọ́n á wá ní ilé náà ti gbó, wọ́n á tún rẹ́ ẹ nípọn sí i.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri kankan, ẹ fi ìṣó ha ohun tó wà láàárín bíríkì méjì. Tó bá di ìyẹ̀fun funfun, ẹfun ni. Tó bá jẹ́ pé ìṣó kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀, sìmẹ́ńtì ni. Ẹ ju èyí tó já sínú omi: amọ̀ á yọ́, ẹfun kò ní yọ́. Ẹfun la fi ń tún ti ẹfun ṣe: garawa ẹfun kan sí garawa iyanrìn tó mọ́ mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ bomi rin ògiri, kí ẹ rẹ́ ẹ ní sẹ̀ǹtímítà kan péré lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí oòrùn má baà yára gbẹ ẹ́. Èyí tó bá yára gbẹ á sán. Tí ọ̀dán bá ti hù lórí ògiri, ẹ má fà á tu, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ló di bíríkì mú. Ẹ gé e mọ́ ara ògiri, kí ẹ máa gé èyí tó bá tún yọ títí gbòǹgbò á fi kú, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹfun dí ihò rẹ̀.

Bí owó kò bá tó nǹkan kan, òrùlé ni kí ẹ náwó lé. Páànù ìwé mélòó kan níbi tí omi ti ń jò lè dá ògiri sí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè “níbo ni ibùdókọ̀ wà?” kì í mú ohun púpọ̀ wá. Ẹ bi wọ́n pé: Níbo ni àwọn ìyá ti ń ta oúnjẹ fún èrò? Níbo ni ọkọ̀ ti ń mu omi? Ta ló ń gbé ilé ṣẹ́ẹ̀fù báyìí? Ẹ̀gbẹ́ wo ni wọ́n ti ń já ẹrù? Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wọn bó ti yẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí bàbá tàbí ìyá náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ́ yín lọ bó bá lágbára. Ibi tó bá dúró sí ni kí ẹ fi GPS tẹlifóònù mú, kó tó di pé ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Oṣù Kìíní àti Ìkejì ló dára jù fún iṣẹ́ yìí ní agbègbè Ṣábẹ, lẹ́yìn tí koríko bá ti jóná, tí òkìtì ilẹ̀ sì hàn. Ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, nítorí ejò fẹ́ràn abẹ́ irin. Ẹ sọ fún baálẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí gún ilẹ̀. Fún ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ya àwòrán ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí igi tí ẹ ti sàmì sí ní mítà kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọjọ́ mọ́ ọn. Nọ́ọ̀tì tàbí irin ìdábùú tó bá já, ibi tó wà ni kí ẹ fi í sílẹ̀ sí.