Ẹ Wo Iná NEPA Kí Ẹ Tó Yan Bakitéríà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ máa ń bi mí pé bakitéríà wo ni kí ẹ fi ṣe iṣẹ́ másítà ní Akọka tàbí Yábàá, èmi náà á kọ́kọ́ bi yín: ta ló ń ra dísẹ́lì ní láàbù yín?

Iṣẹ́ jíìnì bakitéríà, ìtọ́jú ẹ̀yà (ìyẹn strain, ìran bakitéríà kan pàtó) ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ìwé ní kí a po ẹ̀yà mọ́ glycerol, omi kíkì tí kì í jẹ́ kí yìnyín pa á, kí a tì í sínú fìríìsà tó tutù dé ìwọ̀n 80 sí ìsàlẹ̀ òdo. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ ní Fúráìdé, tí jẹnẹrétọ̀ kú lóru Sátidé, kí Mọ́ńdè tó mọ́, iṣẹ́ ọdún méjì ti di omi. Mo ti rí ẹni tó ń gbé kúlà sáré kiri láàárín láàbù mẹ́ta, tó ń tọrọ ààyè.

Mi ò bú E. coli o, bakitéríà inú ìfun tí ọ̀pọ̀ láàbù ń lò. Láàárín bí ìṣẹ́jú 20, ọ̀kan á ti di méjì. Òun ni Jacob àti Monod, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé méjì, fi ṣàlàyé ní 1961 bí bakitéríà ṣe ń tan jíìnì tó ń jẹ ṣúgà inú wàrà, tó sì ń pa á nígbà tí ṣúgà yẹn ò bá sí. Àmọ́ E. coli kì í ṣẹ̀dá spore, ìyẹn ìrísí líle tí bakitéríà ń dì sí láti fara da ooru àti gbígbẹ. Bacillus subtilis ń ṣe é, Bacillus yìí sì ni mo fi ń jẹun.

Ẹ gba Òyìngbò lọ, ẹ ra irú wooro. Ìyá tó ń tà á fún mi ṣì ń bi mí bóyá ọbẹ̀ ni mo fẹ́ sè àbí àgúnmu. Ẹ pò ó mọ́ omi tí kò ní kòkòrò, ẹ gbé e sínú omi gbígbóná ìwọ̀n 80 fún ìṣẹ́jú 10. Ọ̀pọ̀ èyí tí kò bá ṣe spore á kú. Ẹ da ìyókù sórí agar, ohun tó dì bí ẹ̀kọ tí bakitéríà ń hù lórí rẹ̀. Èyí tó ń fọ́ purotéènì èso igi irú, tí ammonia ń ti ara rẹ̀ jáde, tí irú fi ń rùn, wà níbẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ẹ̀yà B. subtilis tó ń jẹ́ 168, tí gbogbo ayé ń lò, kò lè ṣe tryptophan (ọ̀kan lára ohun tí a fi ń kọ́ purotéènì) fúnra rẹ̀, nítorí náà kì í hù lórí agar tí kò bá ní tryptophan. Ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ bá ń wọ́n, àwọn kan nínú wọn máa ń ṣílẹ̀kùn gba DNA tó wà nínú omi tó yí wọn ká. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Spizizen, ló fi èyí hàn ní 1958. Ẹ fún 168 ní DNA ẹ̀yà B. subtilis tó jáde láti inú irú yín, ẹ tẹ́ ẹ sórí agar tí kò ní tryptophan: èyí tó bá hù ti gba jíìnì tó sọnù. Ẹ ò lo ẹ̀rọ olówó ńlá, ẹ ò lo enzyme tó nílò yìnyín. Abọ́ kan tí ẹ ò fi DNA sí gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o. Bí nǹkan bá hù níbẹ̀, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù.

Ọ̀gá mìíràn á ní irú kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Ẹ rọra sọ fún un pé 1997 ni wọ́n tẹ gbogbo jíìnì ẹ̀yà 168 jáde, ọdún kan náà tí ti K-12, ẹ̀yà E. coli inú láàbù, jáde.

Ní ti ìpamọ́, ẹ kán omi spore sórí bébà àsẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi sínú àpòòwé, ẹ tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ọdún á gorí ọdún, kò ní kú. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ orúkọ sí i, torí ẹ́tánọ́ọ̀lì máa ń fọ bírò nù.