Ìbéèrè Tí Wọ́n Bi Mí Nígbà Tí Ojú Ọmọ Mi Pọ́n

Ojú àkọ́bí mi pọ́n bí ìyeyè, èyí tí wọ́n ń pè ní jọ́ńdíìsì, ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta tí mo bí i, ó sì mọ́ padà kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Irú èyí wọ́pọ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ìkókó a máa tètè fọ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì tíì dàgbà tó láti palẹ̀ bilirubin, èròjà pípọ́n tí ó ń tinú ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ náà jáde, mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ti àbúrò rẹ̀ yọ lọ́jọ́ tí a bí i gan-an, dókítà kò jẹ́ kí ìyá mi parí ọ̀rọ̀ oòrùn òwúrọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ó ní jọ́ńdíìsì tí ó bá yọ kí wákàtí 24 tó pé ní ìdí tí a gbọ́dọ̀ wá.

Ìbéèrè ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: irú ẹ̀jẹ̀ wo ni mo ní, ṣé oṣù ọmọ pé, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa, ṣé kàfúrà wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀. Ti kàfúrà yìí ló yà mí lẹ́nu jù. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà G6PD, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè fọ́, kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ní Nàìjíríà ó tó bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn kàfúrà símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́ títí bilirubin yóò fi wọ ọpọlọ, tí ọmọ lè ti ibẹ̀ di adití tàbí arọ. N kò rí ìdí tí ẹni tí ó ní ìkókó nílé fi ń ra kàfúrà. Ní tiwa, G6PD ọmọ pé. Ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ O, tirẹ̀ jẹ́ A, àwọn ọmọ-ogun ara mi tí ó kọjá sí i lára nínú oyún ló ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ojú lásán kò lè sọ bí ó ti pọ̀ tó, pàápàá lára ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ẹ lè wo funfun ojú, èrìgì àti àtẹ́lẹsẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n gbà ní gìgísẹ̀ ló sọ iye bilirubin. Iye yẹn àti iye wákàtí tí ọmọ ti lò láyé ni wọ́n fi pinnu pé iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tàn sí ọmọ lára yóò tó, pé a kò ní pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Omi gúlúkóòsì kì í wò ó. Bí ọmọ bá ń sùn jù, tí kò mu ọmú, tàbí tí ó ń ké tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń tẹ̀ bí ọrun, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Lára ọmọ tí ó ti ń rìn, ibà, àrùn fòníkúfọ̀ladìde àti kòkòrò tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ni wọ́n sábà máa ń wá. Lára ìkókó tí tirẹ̀ kọjá ọjọ́ 14, ẹ yẹ ìlédìí wò: bí ìgbẹ́ bá funfun tí ìtọ̀ sì pọ́n, ọ̀nà òróòro lè ti dí, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ a sì máa yọrí sí rere jù bí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé oṣù méjì.