Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa gbígbé Salvador lówó kékeré

Kí ẹ tó san owó ibùsùn kankan ní Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Brasil, àdúgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kẹ́ ẹ tó yan ilé. Ẹni tó bá wo àwòrán yàrá àti iye owó nìkan, orí ọkọ̀ alẹ́ ni yóò ti ná gbogbo ohun tó rò pé òun fi pamọ́. Ìlú náà wà lókè, ó sì wà nísàlẹ̀. Cidade Alta wà lórí òkè, Cidade Baixa wà létí omi, lífíìtì Elevador Lacerda tí wọ́n ṣí ní 1873 ló so àwọn méjèèjì pọ̀, gíga rẹ̀ sì tó mítà 72. Lọ́sàn-án, gígùn lífíìtì yẹn rọrùn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ má fẹsẹ̀ gba àwọn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, pàápàá Ladeira da Montanha. Ibẹ̀ dá, àwọn olè sì mọ̀ pé àlejò máa ń gbà á.

Àdúgbò mẹ́ta ló yẹ ẹni tó ń ṣọ́ owó ná. Pelourinho ni àárín ìlú àtijọ́ tí UNESCO fi sínú ogún àgbáyé ní 1985. Ilé aláwọ̀ mèremère ló kún ibẹ̀, ìlù sì ń dún títí ilẹ̀ fi ṣú dáadáa. Ẹni tí oorun rẹ̀ fúyẹ́ kò ní gbádùn yàrá tó kọjú sí títì níbẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè yàrá ẹ̀yìnkùlé. Santo Antônio Além do Carmo kò jù ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí Pelourinho, ṣùgbọ́n ó pa rọ́rọ́, àwọn ará àdúgbò sì ń gbé ibẹ̀ gan-an. Barra wà létí òkun. Etíkun Porto da Barra kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, omi rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀ torí pé inú agbami tó ya wọlẹ̀ ló wà, èèyàn púpọ̀ sì máa ń wà lójú títì títí di alẹ́. Bí ẹ bá ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ sun Santo Antônio fún òru mẹ́ta, kí ẹ wá kó ẹrù lọ sí Barra. Rio Vermelho dára fún oúnjẹ alẹ́ àti ọtí, àmọ́ ó jìnnà sí ìlú àtijọ́.

Láti pápákọ̀ òfuurufú, ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ tó bá gba ẹrù lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà bá yín dúnàádúrà. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ kan wà tó ń gbé èrò láti pápákọ̀ lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Aeroporto. Ẹ wọ Linha 2 níbẹ̀, ẹ sọ̀ ní Acesso Norte, ẹ wọ Linha 1 tó ń lọ sí Lapa. Fún Pelourinho, Campo da Pólvora tó ṣáájú Lapa ló sún mọ́ ọn jù. Ohun tó máa ń kó èèyàn sí wàhálà ni báàgì ńlá. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ títì ìlú àtijọ́, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, òjò sì ń mú un yọ̀ bí ilá. Táyà báàgì á kán. Báàgì ẹ̀yìn ni kí ẹ gbé, kí ẹ sì wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú ilẹ̀ dáadáa. Oṣù Kẹrin sí oṣù Keje ni òjò máa ń pọ̀ jù. Ibùsùn a dínwó nígbà náà. Ní ìgbà Carnaval, ọ̀pọ̀ ilé kì í ta òru kan tàbí méjì rárá. Wọ́n á ní kí ẹ ra òru márùn-ún sí méje papọ̀, owó rẹ̀ sì máa ń ga fíofío. Bí kì í bá ṣe Carnaval gan-an lẹ ń lọ wò, ẹ sá fún ọ̀sẹ̀ yẹn.

Nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, mélòó kan nínú ohun kéékèèké ló ń ba ìgbádùn jẹ́. Àpótí ìkẹ́rùpamọ́ wà, ṣùgbọ́n àgádágodo kì í sí lórí rẹ̀, ẹ mú tiyín dání, ẹ jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín torí ihò àpótí náà kì í fẹ̀. Aṣọ ìnura máa ń ní owó tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀rọ amúlétutù sórí ìwé, ẹ béèrè wákàtí tí wọ́n ń tàn án, nítorí ọ̀pọ̀ ilé kì í tàn án títí alẹ́ fi lẹ́. Nínú bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, ìsàlẹ̀ tútù ju òkè lọ, àmọ́ ẹni tó bá sùn lókè ló ń jẹ afẹ́fẹ́ fáànù. Iná ìlú náà jẹ́ fóltì 127, tiwa nílé sì jẹ́ 240. Ṣájà fóònù kò ní ìṣòro kankan pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tí ẹ gbé láti Èkó kò ní gbóná tó bó ṣe yẹ. Ẹsẹ̀ mẹ́ta roboto ni ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, pọ́lọ́ọ̀gì wa kò lè wọ̀ ọ́, ẹ ra adáptà kó tó di pé ẹ débẹ̀. Oúnjẹ àárọ̀ máa ń wà nínú owó ibùsùn: búrẹ́dì, kọfí, ìbẹ́pẹ, wàràkàṣì, cuscuz tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, nígbà mìíràn ẹ̀gẹ́ bíbọ̀. Ẹ jẹ ẹ́ yó. Ó ń gbé èèyàn dé aago kan ọ̀sán.

Owó níná ní ìṣòro kan tí àlejò kì í retí. Gbogbo ọlọ́jà, títí dé ẹni tó ń ta omi àgbọn, ló ń gba Pix, ìyẹn fífi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, àmọ́ kò rọrùn fún àlejò tí kò ní àkáǹtì àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ CPF ibẹ̀. Owó bébà kéékèèké àti káàdì ni tiyín. Bí ẹ bá fẹ́ gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, inú báńkì tàbí ilé ìtajà ńlá ni kí ẹ ti gbà á, lọ́sàn-án. Ní orí káńtà, wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ CPF sórí risíìtì, não, ìyẹn rárá, ti tó. Owó ńlá kì í rọrùn láti ṣẹ́, nítorí náà ẹ ti tọ́jú ṣéńjì láti àárọ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán ni kí ẹ fi ṣe oúnjẹ ńlá, torí òun ni wọ́n ń tà lẹ́dínwó. Ilé oúnjẹ a quilo ń wọn àwo lórí òṣùwọ̀n, iye tí àwo bá wúwo ni owó rẹ̀. Ẹran àti ìrẹsì jẹ́ iye kan náà, nítorí náà ẹni tó bá di ìrẹsì kún àwo, owó ẹran ló san. Ẹ bu ẹran àti ẹja, ẹ fi ẹ̀wà díẹ̀ lé e. Bí ebi bá ń pa yín gan-an, prato feito ni kí ẹ ní: ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹran kan, àti farofa. Farofa yẹn, gàrí ni, wọ́n dín in pẹ̀lú òróró, wọ́n sì wọ́n ọn sórí ẹ̀wà bí a ṣe ń fi gàrí jẹ ẹ̀wà nílé.

Àkàrà wá ni kí ẹ fi ìrọ̀lẹ́ wò dáadáa. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Àkàrà àti jẹ ló di ọ̀rọ̀ kan. Baiana, obìnrin tó ń dín in, á jókòó sẹ́yìn àtẹ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun àti gèlè. Ẹ̀wà tí wọ́n ti bó, tí wọ́n lọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti iyọ̀, ló wà nínú ìkòkò. Ó máa fi síbí onígi lù ú lemọ́lemọ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, bí kò bá lù ú tó, àkàrà á le bí òkúta. Epo pupa, dendê, ló fi ń dín in, òmíràn á sì ju odindi àlùbọ́sà kan sínú epo kó má baà jó. Àkàrà náà tó ìkúùkù. Wọ́n á là á láàárín, wọ́n á fi vatapá sí i, ìyẹn búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà àti àgbọn tí wọ́n rò pọ̀ mọ́ epo. Wọ́n á fi ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń pè ní caruru kún un, wọ́n á wá fi edé gbígbẹ lé e. Yóò bi yín pé quente (gbígbóná) ni àbí frio (tútù). Ọ̀rọ̀ náà kò kan gbígbóná iná rárá. Ata ló ń béèrè. Ẹni tó bá dáhùn quente láìmọ̀, ẹnu rẹ̀ á ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ata wọn kò lè dẹ́rù ba ọmọ Ìbàdàn. Ti edé wọ́n ju ti aláìlédé lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo epo: bó bá ti dúdú, tó ń rú èéfín, ẹ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Abará jẹ́ ọbàkan acarajé: ẹ̀wà kan náà, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi wé e, omi gbígbóná ló sì ń sè é. Ìjọba Brasil ti fi iṣẹ́ àwọn baiana sínú ogún orílẹ̀-èdè láti 2005.

Yorùbá yín kò ní ràn yín lọ́wọ́ lọ́jà. Inú orin, àdúrà àti orúkọ òrìṣà ló wà, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, torí náà ẹ má retí kí ẹnikẹ́ni dá ìkíni yín padà lójú títì. Ẹ kọ́ ogún ọ̀rọ̀ Portuguese. Kíkà ni Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́: níbi tí wọ́n bá kọ x, ẹ kà á sí ṣ, Oxum, Xangô, Oxóssi, axé, gbogbo rẹ̀ á ṣí sílẹ̀. Ìlù ìjẹ̀ṣà tí ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy, tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté dá sílẹ̀ ní 1949, ń lù, ijexá ni wọ́n ń kọ ọ́. Museu Afro-Brasileiro ní Terreiro de Jesus ní pátákó òrìṣà 27 tí ayàwòrán Carybé fín sára igi, owó ìwọlé rẹ̀ kéré, mo sì gbà pé wákàtí méjì ló yẹ ẹ́. Ladeira da Praça kò jìnnà sí ibẹ̀, ibẹ̀ ni ìdìtẹ̀ àwọn ẹrú tí wọ́n ń pè ní Malê ti bẹ̀rẹ̀ lóru ọjọ́ 24 mọ́ 25 oṣù Kìíní 1835. Ìmàle ni orúkọ yẹn, àwọn Nàgó, ìyẹn Yorùbá, tó jẹ́ Mùsùlùmí ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan nínú àwọn tó padà wálé lẹ́yìn náà wà lára àwọn baba Pópó Àgùdà ní Èkó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìsìn onílù máa ń wà ní ìjọ Rosário dos Pretos. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ dé ṣáájú kí ẹ lè rí àga.

Ilé òrìṣà ni ibi tí àṣìṣe àlejò ti pọ̀ jù. Casa Branca, Ilé Àṣẹ Ìyá Nàsó Ọ̀ká, ni ilé candomblé (ẹ̀sìn òrìṣà ti Brasil) àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ Brasil fi àṣẹ dáàbò bò, ní 1984. Opô Afonjá tí Eugênia Anna dos Santos dá sílẹ̀ ní 1910 wà ní São Gonçalo do Retiro. Ayẹyẹ ìta gbangba kì í gba owó ìwọlé, bí ẹnikẹ́ni bá ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín, ọkọ̀ àti ìtọ́sọ́nà ni ẹ ń san, kì í ṣe àyè. Ẹ pe ilé náà tàbí ẹ jẹ́ kí ará họ́sítẹ́ẹ̀lì bá yín pè kí ẹ tó lọ, torí ọ̀pọ̀ ilé máa ń ti àríyá ìta gbangba pa ní àkókò Lẹ́ńtì. Aṣọ funfun tàbí aláwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Dúdú kò bójú mu, ṣòkòtò péńpé kò bójú mu. Ọkùnrin jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, obìnrin sí èkejì. Ẹ má gba àárín ilé kọjá. Ẹ pa fóònù, ẹ fi sápò, ẹ má yọ ọ́ fún àwòrán bó ti wù kó rí. Bí òrìṣà bá gùn ẹnìkan, tí gbogbo ilé dìde, ẹ dìde. Fún àgbà ilé, a bênção, mãe ni ìkíni, pẹ̀lú orí títẹ̀.

Aago méje sí mẹ́jọ alẹ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè kọjá ọ̀gànjọ́. Oúnjẹ máa ń tẹ̀lé e, ẹ gbà á, kò dáa kéèyàn kọ oúnjẹ òrìṣà láìnídìí. Ọkọ̀ ni kí ẹ ti ronú lé láti ilé, torí ibi tí àwọn ilé wọ̀nyí wà kì í ní ọkọ̀ lóru. Inú ọgbà ni kí ẹ wà nígbà tí ẹ bá ń fi fóònù pe Uber tàbí 99 (áàpù ọkọ̀ bíi Uber), kí ẹ ka nọ́ńbà ọkọ̀ náà láti ẹnu géètì kí ẹ tó jáde, bí ó bá sì kọ̀ láti wá, ẹ sọ fún àwọn ará ilé. Wọ́n máa ń mọ awakọ̀ àdúgbò.