Ẹni tó mọ ọjọ́ tó máa lọ

Ilẹ̀ ti ṣú tipẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìwájú ti dákẹ́, iná fóònù mi sì ti fẹ́ tán, ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ èyí sílẹ̀ lálẹ́ yìí, mi ò ní lè sùn.

Èmi àti Ọ̀gbẹ́ni, ọkọ mi, la jọ kúrò l'Ékòó, tí a ń ti ibì kan bọ́ sí òmíì. Abà kan la wà báyìí, ẹkù Ìyá Elépo, níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa, la sì wà látàárọ̀. A yọ ẹyìn, a sè é, a tẹ̀ ẹ́, a gbọ́n epo. Òjò ṣú lọ́sàn-án, kò rọ̀. Ẹ̀bà àti ilá la jẹ. Ọjọ́ òní nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbọ́ tí wọn ò sọ kí n gbọ́. Mo wà ní balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, èyí tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ yí ká, Ìyá Elépo àti obìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ sì jókòó sí òdìkejì, wọ́n ń yọ ẹyìn tó kù. Obìnrin yẹn ní, "Àwọn ará Èkó yìí mà ń gbìyànjú o. Ìyàwó yẹn ò tilẹ̀ jókòó." Ìyá Elépo rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé kò ní gbìyànjú? Ẹni tó mọ ọjọ́ tó máa lọ, iṣẹ́ kì í sú u."

Ó parí. Wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ẹnì kan tó jẹ ẹ̀gẹ́ ẹlòmíì. Èmi ni mo ṣì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú.

Mo sọ ọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni. Ó ní ìyìn ni. Ó ní ṣé mi ò gbọ́ pé wọ́n ní mo ń gbìyànjú ni? Mo ní ẹni tó sọ ìyẹn kọ́ ló sọ èkejì. Ó ní, "Ìwọ náà, jẹ́ ká sùn jàre." Ó sì sùn. Ẹ mọ̀ ọ́n.

Ṣé ó dùn mí ni? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ìyá Elépo kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀kò ọ̀rọ̀. Àná ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀gún tó wọ abẹ́ èékánná mi, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń tọ́jú ọmọ ọwọ́, wọ́n sì ní ọwọ́ tí ẹ̀gún ọ̀pẹ ò bá tíì gún kò tíì jẹ epo. Nítorí náà kì í ṣe ìkà. Òótọ́ ni. Bóyá òótọ́ tó wà níbẹ̀ ló ń gún mi.

Ó kúkú sú mi, ó ṣe tán. Ẹ̀yìn ń ro mí. Ìdì ẹyìn tí wọ́n bá kó wọlé, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹyìn lè tú lára rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Elépo kì í jẹ́ kó pẹ́, nítorí ẹyìn tó bá pẹ́ nílẹ̀ máa ń rọrùn láti yọ lóòótọ́, epo rẹ̀ ló máa ń ta ọ̀fun. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi ọwọ́ wa san owó epo dídùn. Lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ nínú omi tí epo sì ti léfòó, wọ́n á gbé e padà sórí iná, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ràn jù. Ìyá Elépo kì í wo epo orí iná, wọ́n máa ń gbọ́ ọ. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, á máa ta pàràpàrà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á kẹ̀yìn sí ìkòkò, wọ́n á máa bá wa tàkúrọ̀sọ, àfi lójijì tí wọ́n á ní, "Ẹ yọ igi!" Kí èmi tó mọ̀ pé ariwo yẹn ti rọlẹ̀, wọ́n ti ń nawọ́ sí igbá. Lónìí mo pa ẹnu mọ́, mo gbọ́ ọ kí wọ́n tó sọ. Mo ní, "Ìyá, ṣé ó ti jinná?" Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó kù díẹ̀." Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí wọ́n fi ní ká yọ igi. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sáré lọ sọ fún Ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé omi bọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo lọ wẹ̀, tí mo lọ gbọ́ ohun tí mo gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé òótọ́ ni. Ní ọ́fíìsì tí mo fi sílẹ̀ l'Ékòó, mi ò mọ ọjọ́ tí màá lọ, iṣẹ́ náà sì sú mi débi pé ara mi ń gbóná ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ Ìyá Elépo bá ìyẹn mu wẹ́kú. Ṣùgbọ́n Màámi ta ata ní Múṣín láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, wọn ò mọ ọjọ́ kankan, iṣẹ́ náà sú wọn, wọ́n sì ń jí lọ ní ìdájí. Kí la máa pe ìyẹn?

Mo tún ń rò ó pé ta ló tilẹ̀ mọ ọjọ́ tó máa lọ ní abà yìí. Ilẹ̀ Ifẹ̀ nibí, Ifẹ̀tẹ̀dó ni ìlú tó súnmọ́ wa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ilé tó wà níbí, ọmọ Ifẹ̀ ò pọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó, Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn Ìgèdè tó wá láti Benue. Kòkó ló kó wọn wá. Wọ́n ṣì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹbí onílẹ̀. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 lè sọ pé ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà, bí ọdún bá yí po, baba onílẹ̀ á gba tirẹ̀. Nínú gbogbo wọn, bí ẹ bá bi èyíkéyìí léèrè ilé rẹ̀, kò ní dárúkọ abà yìí. Á nawọ́ sọ́nà ibi tó ti wá.

Ìyá Elépo náà ńkọ́? Ọdún tí ìjọba tú Bọ́ọ̀dù Kòkó tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká, 1986, ni wọ́n mú wọn wá síbí ní ìyàwó, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Owó kòkó ń fò sókè nígbà náà, ọkọ sì ní ọdún méjì péré, kí wọ́n fi bo ilé, kí wọ́n padà. Wọ́n bo ilé náà. Pánù rẹ̀ ti dípẹtà báyìí, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Bàbá ti kú, wọ́n sì gbé wọn lọ sin sílé. Ìyá sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ pé ọkọ̀ kan ti lọ, ó ku òmíì. Lọ́dún 2024 tí kòkó gorí dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, àwọn ọmọ wọn ọkùnrin méjì tó ti bá ìgboro lọ sáré padà wá sí oko. Nítorí náà Ìyá ò tún lè lọ mọ́, wọ́n ní ta ló máa se oúnjẹ fún àwọn ọmọ náà?

Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wa kọ́ ni wọ́n ń sọ. Ó lè jẹ́ ara wọn ni wọ́n ń bá wí, pé àwọn náà gbìyànjú bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí wọ́n rò pé àwọn mọ ọjọ́...

Àbí mo kàn fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ kí n lè sùn. Wọ́n ní "ará Èkó." Èmi ni.

Ta ló tilẹ̀ sọ ọjọ́ tí a máa lọ fún wọn? Ọkùnrin yìí ni! Ọjọ́ tí a dé, kí á tó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ti ń sọ fún baálé pé Ìdànrè ló kàn, pé a ti ní ẹni tó ń retí wa níbẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ bí kò bá mọ ibi tó kàn. Inú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bí mi báyìí. Ó ń hanrun. Ó gbé omi púpọ̀ lónìí, kí n má purọ́ mọ́ ọn, àwọn ọmọdé abà sì ti ń pè é ní Bọ̀dá Olómi.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà nílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni fẹ́ ká ra kẹ́ẹ̀gì epo kan dání fún Màámi. Bí mo bá béèrè iye rẹ̀, Ìyá Elépo á ní ṣé èmi ni wọ́n máa ta epo fún, èmi tí mo bá wọn ṣe é. Bí mi ò bá béèrè, wọ́n á gbé e fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, owó ọjọ́ ọjà wọn ló sì máa bá a lọ. Mo ní kí òun lọ béèrè, òun ọkùnrin. Ó ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. A ti ń tì í síra wa lọ́wọ́ láti àná, kẹ́ẹ̀gì ṣì wà nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ pẹ̀lú òfìfo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá irú èyí pàdé rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?