Ìrìn àjò wa sí New York nítorí Sabres

Lálẹ́ àná ni èmi àti àbúrò mi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin láti Buffalo lọ sí New York, níbi tí Sabres, ẹgbẹ́ Buffalo, yóò ti lọ bá Rangers, ẹgbẹ́ New York, gbá họ́kì orí yìnyín nílé wọn.

Bíi wákàtí 8 ni ìrìn náà, ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé orí ibùdókọ̀ Penn Station gan-an ni wọ́n kọ́ Madison Square Garden, gbọ̀ngàn ìṣeré Rangers, lé, tó fi jẹ́ pé bí a bá ti gòkè láti ibi tí ọkọ̀ wa dúró sí, a ti dé. Mo ti ká ẹ̀wù búlúù mi sínú báàgì.

Ta ló ti jókòó sáàárín àwọn olólùfẹ́ Rangers rí nínú yín? Báwo ni wọ́n ṣe gbà yín?