Ọjọ́rú: Ìbéèrè tí màmá eléwé bi mí

Ọjà Bódìjà ti kún nígbà tí a débẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ìyálọ́jà fún wa láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ àwọn aláta títí di aago mọ́kànlá, wọ́n ní bí oòrùn bá ti mú, kò sẹ́ni tó máa dá wa lóhùn mọ́. Ìwádìí wa lórí jẹjẹrẹ ọmú ni mo lọ ṣàlàyé, èyí tí àwa níbí ń ṣe pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa ṣe é máa fún wa ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, á sì dáhùn ìbéèrè nípa ara rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀.

N kì í fi ikú bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí mo bá dárúkọ jẹjẹrẹ lójijì, àwọn obìnrin á fọwọ́ yí orí ká, wọ́n á ní “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́”, etí á sì ti di. Kókó inú ọmú ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá èyí tí kì í dunni, torí òun gan-an ló ń tan àwọn èèyàn wa jẹ. Nǹkan tí kò dunni, ta ló máa tìtorí ẹ̀ pa ọjà tì lọ sí ọsibítù? Ìgbà tó bá di egbò ni wọ́n ń wá, ó sì máa ń dùn mí wọra.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí màmá kan tó ń ta ewé àti èèpo igi dìde. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, wọ́n ti wá bi mí léèrè ewé rí. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n lọ, n ò rí wọn mọ́. Bí ẹ bá rí nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ mi, tí wọ́n wá ń tà á, kí ni tèmi níbẹ̀?”

Mo mọ ìdáhùn tó wà nínú fọ́ọ̀mù òyìnbó. Èyí tó wà nínú ti Yorùbá ni kò dá mi lójú. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó dáadáa kí n má baà parọ́ fún yín.” Wọ́n ní kò burú, àwọn ò kúrò nídìí ewé àwọn.

Mo dé ibi iṣẹ́, mo ṣí i. Ti Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ gbangba pé ohun títà lè tinú ìwádìí náà jáde, àti pé ẹni tó fúnni lẹ́jẹ̀ kò ní í pín nínú owó rẹ̀. Èyí tí a kọ lédè Yorùbá lọ́dún àkọ́kọ́ ní: “A lè lo ẹ̀jẹ̀ yín láti fi ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú.” Ó parí síbẹ̀. Èmi wà lára àwọn tó túmọ̀ rẹ̀. Mo rántí ọjọ́ náà: a ní bí a bá kọ “ẹ̀jẹ̀” àti “títà” sínú gbólóhùn kan, àwọn èèyàn á sá, wọ́n á rò pé a fẹ́ fi wọ́n ṣoògùn owó. La bá fi ọ̀rọ̀ tútù rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ohun tó tọ́ nínú ìwádìí ní kí a tún un kọ, a sì tún un kọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó padà lọ bá wọn.

Lọ́sàn-án la ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ṣe àyẹ̀wò jíìnì, ìyẹn ohun inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, èyí tí yóò máa fi ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú lè tètè mú hàn, dátà wa ni wọ́n sì fẹ́ lò. N ò bá wọn jà lórí ìyẹn, torí ire wa ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí wọ́n ti yẹ jíìnì wọn wò láyé, ìran Yúróòpù ni. Bí wọ́n bá wá yẹ obìnrin dúdú wò, tí wọ́n rí ìyípadà kan lára BRCA1 tàbí BRCA2 rẹ̀, àwọn jíìnì méjì tó jẹ́ pé bí wọ́n bá bàjẹ́, jẹjẹrẹ ọmú lè tètè múni, ó máa ń ṣẹlẹ̀ ju ti obìnrin funfun lọ pé kí èsì ní kò tíì yéni bóyá ó léwu. Kí ni ẹni tí ìyá rẹ̀ àti àǹtí rẹ̀ ti bá àrùn náà lọ fẹ́ fi irú èsì bẹ́ẹ̀ ṣe? Láti 2013 tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ pé kò sẹ́ni tó lè gbàwé pé òun ló ni jíìnì tí a bí mọ́ èèyàn, ìmọ̀ tí wọ́n fi ń túmọ̀ jíìnì náà ti di ohun tó lówó lórí gan-an. Inú irú dátà tiwa yìí ni ìmọ̀ náà wà.

Ìbàdàn sì ti fúnni lẹ́jẹ̀ rí. Yorùbá 90 láti ìlú yìí wà lára èèyàn 270 tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ HapMap, ìwádìí ńlá lórí bí jíìnì àwọn èèyàn ayé ṣe yàtọ̀ síra, tí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 2005. Títí dòní, àwọn onímọ̀ jíìnì káàkiri ayé mọ YRI. Yorùbá Ìbàdàn nìyẹn. Orí mi máa ń wú bí mo bá rí i, àmọ́ lónìí ọ̀rọ̀ màmá eléwé ló ń dún létí mi.

Mo sọ nípàdé pé àwọn tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ sí nínú ohun tí a máa fún ilé-iṣẹ́ náà, àfi bí a bá padà lọ bi wọ́n. Mo tọ́ka sí òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023, tó fi ọ̀rọ̀ jíìnì àti ìlera sí ara ohun tó gba ìṣọ́ra gidigidi. Ẹnì kan láti òkè òkun bi mí pé ìgbà wo la máa parí ìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé oṣù yìí ló yẹ kí a tọwọ́ bọ àdéhùn. Ọ̀gá wa dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ta ló túmọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn?”

Mo ní, “Èmi wà níbẹ̀, sà.”

Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ náà kí ilẹ̀ tó ṣú, kí n sọ pé a ṣe àṣìṣe. Mo ti kọ ọ́. Ibi tó nira jù níbẹ̀ ni ti àwọn tó ti kú. Ta la fẹ́ bi? Ọkàn mi ń sọ pé ọmọ wọn ni, torí ohun tó wà lára ìyá lè wà lára ọmọ, ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ni mo máa pinnu ẹ̀.

Mo tún fi ohun kan síwájú wọn: kí àdéhùn náà sọ iye tí wọn ò gbọ́dọ̀ ta àyẹ̀wò náà kọjá fún àwọn ọsibítù Nàìjíríà. Kí a gba ẹ̀jẹ̀ aláta Bódìjà ṣe àyẹ̀wò, kí aláta Bódìjà má sì rówó ṣe àyẹ̀wò ọ̀hún, n ò lè fara mọ́ ọn. Wọn kò tíì gbà.

Alẹ́ ni mo tó rí i pé iṣẹ́ ṣì pọ̀. Nínú gbogbo ohun tí a kó sínú kọ̀ǹpútà, a ò kọ irú fọ́ọ̀mù tí oníkálukú fọwọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ a ti ṣe wàhálà lórí ìgbà tí wọ́n bí àkọ́bí, torí ó ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú: ẹni tó ní ọdún omíyalé Ògùnpa lòun bí àkọ́bí òun, a kọ 1980, ẹni tó ní ìgbà Àgbẹ́kọ̀yà ni wọ́n bí òun, a jókòó tì í títí a fi mọ̀ bóyá 1968 ni tàbí 1969. A ti tún àwọn déètì tí wọ́n fi oṣù ṣáájú ọjọ́ ṣe, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọ́, títí kan ti obìnrin tí kọ̀ǹpútà ní wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn. Ohun tí wọ́n gbà pé kí a fi ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe gan-an la ò kọ.

Inú fáìlì nìkan ló wà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń tì pa torí orúkọ wọn wà níbẹ̀. Èmi àti arábìnrin tó ń bójú tó dátà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: 1 fún fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, 2 fún èkejì. A ti dé fáìlì kẹtàlélọ́gọ́rin nígbà tí iná lọ. A dákẹ́, a ń tẹ́tí bóyá jẹnẹrétọ̀ á gbé firísà ẹ̀jẹ̀. Ó gbé e. A tan iná fóònù, a ń bá a lọ. Lọ́la, kí oòrùn tó mú, mo máa wà nídìí ewé màmá.