Nínú ọkọ̀ òmùwẹ̀, ẹ jẹ́ ká ka ọmọ fún ọlọ́mọ

Àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé òmùwẹ̀, àwọn tó ń fi sílíńdà atẹ́gùn wẹ̀ lábẹ́ omi, lọ sójú agbami, inú kíkà gan-an lẹ̀mí wà.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní, ọdún 1998, Tom àti Eileen Lonergan, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà, bá ọkọ̀ òmùwẹ̀ kan lọ sí Great Barrier Reef, òkìtì iyùn inú òkun ní ìpínlẹ̀ Queensland, Ọsirélíà. Ọkọ̀ padà sí èbúté, ó fi wọ́n sílẹ̀ sínú òkun. Ọjọ́ méjì kọjá kí wọ́n tó rí àpò wọn nínú ọkọ̀, kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn tó ni ín kò dé. Kò sẹ́ni tó tún rí wọn. Lónìí, òfin Queensland ní kí wọ́n ka gbogbo èrò kí ọkọ̀ tó kúrò níbi tí wọ́n ti wọ omi, kí wọ́n sì kọ iye náà sílẹ̀.

Kíkà máa ń dàrú torí pé èèyàn kì í jókòó sójú kan. Ọ̀kan wà nílé ìtọ̀, ọ̀kan tún bẹ́ sómi torí ooru, ọ̀kan ń dáhùn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "ó wà lókè." Bí wọ́n bá ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì, iye á pé, èèyàn ò ní pé. Nítorí náà, kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ kú, kí gbogbo èèyàn jáde nínú omi. Kí òṣìṣẹ́ kan máa pe orúkọ látinú ìwé, kó máa wo ojú ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Kí ẹnìkejì ka orí lọ́tọ̀, láìgbọ́ iye tí ẹni àkọ́kọ́ kà. Bí méjèèjì ò bá bára mu, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.

Má jẹ́ orúkọ fún ẹlòmíràn láé, ìyàwó rẹ ì báà jẹ́. Ìwọ tí o bá ẹnì kan wọ omi, wo ìjókòó rẹ̀ àti sílíńdà rẹ̀ fúnra rẹ. Ogún èèyàn ni òṣìṣẹ́ ń ṣọ́. Ìwọ, ẹyọ kan péré. Tí o ò bá rí i, pariwo kí ọkọ̀ tó ṣí.

Orí èèyàn láàárín ìgbì kò ju àgbọn lọ lójú atukọ̀. Nítorí èyí, kí olúkúlùkù gbé rọ́bà gígùn aláwọ̀ ọsàn tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí dání, pẹ̀lú fèrè, dígí kékeré àti tọ́ọ̀ṣì. Kí atẹ́gùn ku 50 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára atẹ́gùn inú sílíńdà) nígbà tí o bá yọrí, kí o lè rí atẹ́gùn mí bí ìgbì bá ń bò ọ́.

Ọkọ̀ tí èèyàn ń sùn sí tún ní ewu tirẹ̀. Èèyàn 34 ló kú nínú iná tó jó ọkọ̀ òmùwẹ̀ kan tó ń jẹ́ Conception ní California, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2019. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n sùn sí. Ọ̀nà àbájáde méjèèjì já sínú yàrá kan náà tí iná ti gbà, kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ́nà lóru náà. Kí o tó sùn, béèrè orúkọ ẹni tí yóò lajú mọ́jú. Yọ bátìrì rẹ kúrò lára iná mànàmáná. Lẹ́yìn náà, di ojú rẹ, kí o sì fi ọwọ́ tọ ọ̀nà àbájáde kejì láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ títí dé ìta.